Ìtàn Oúnjẹ Olómi fún Àìsàn Crohn

Ní ọdún 1932, ní ilé ìwòsàn Mount Sinai ní New York, Burrill Crohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ṣàpèjúwe àìsàn tó máa ń mú kí ìfun wú, kí ó ní egbò, kí ọ̀nà inú rẹ̀ sì fún, èyí tí a wá ń pè ní àìsàn Crohn. Ibòmíràn pátápátá ni oúnjẹ olómi tí a wá fi ń tọ́jú rẹ̀ ti wá. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ń wá oúnjẹ tí yóò dín ìgbẹ́ àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú kù; wọ́n po àmínò ásíìdì, ìyẹn èérún tí purotéènì máa ń fọ́ sí, pọ̀ mọ́ ṣúgà, ọ̀rá díẹ̀, fítámì àti iyọ̀, tó fi jẹ́ pé wàhálà ìfun láti dà á kò tó nǹkan. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tó fi oúnjẹ yìí fún aláìsàn Crohn lókun kí wọ́n tó là wọ́n rí i pé àìsàn náà fúnra rẹ̀ ń rọlẹ̀.

Ní 1984, Colm O'Moráin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Northwick Park, Lọ́ńdọ̀nù, pín aláìsàn 21 sí ọ̀nà méjì: àwọn kan lo oògùn prednisolone, àwọn yòókù kò jẹ nǹkan mìíràn ju oúnjẹ olómi lọ fún ọ̀sẹ̀ 4, ara wọn sì yá tó ti àwọn olóògùn, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ láwọn ọ̀nà kan. Ṣùgbọ́n àmínò ásíìdì korò, ó sì ní òórùn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò lè mu ún tán, àfi kí a fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú wọn dà á sí ikùn. Èyí wà lára ìdí tí àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e fi gbé oògùn lékè fún àgbàlagbà, ìdájọ́ tó ṣe oúnjẹ náà ní àìtọ́ díẹ̀, nítorí ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ẹni tó bá fara dà á. Ní Japan, àgbàlagbà ṣì ń mu ún.