Ọjọ́ Tí Òróró Tán: Ìtàn Ìtọ́jú Ọgbẹ́, àti Ohun Tó Kàn Wá Níbẹ̀

Lóṣù yìí, mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa ọba tó jẹ tàbí ogun tó jà. Ìtàn ọgbẹ́ ni mo mú wá: bí aráyé ṣe kọ́ ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí àdá bá ṣá èèyàn lóko, tí dókítà ò sì sí nítòsí. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú mi kọ ọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan fi àdá gé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kòkó. Ọgbẹ́ náà ò tóbi. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló sáré sí i, torí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnì kan bu ilẹ̀ tútù lé e, ẹnì kan da kẹrosíìnì sí i, ẹlòmíràn da tábà lílọ̀ lé e lórí, wọ́n wá fi àkísà dì í pa. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti ń rìn. A rò pé ó ti tán. Ọjọ́ kẹjọ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dì, kò lè la ẹnu mu ẹ̀kọ, ẹ̀yìn rẹ̀ wá le gbagidi bí igi. Kò lo ọjọ́ mẹ́rin sí i. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Mo ti dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé tẹ́tánọ́ọ̀sì ni, àti pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ilẹ̀ tí wọ́n fi ìfẹ́ bù lé e gan-an ló ti bá a wọlé.

Ṣé òmùgọ̀ ni àwọn tó ṣe é? Rárá o. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn òyìnbó náà ń ṣe.

Ní nǹkan bí ọdún 1537, àwọn ọmọ ogun Faransé ń jà nítòsí ìlú Turin, nílẹ̀ Ítálì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ambroise Paré wà pẹ̀lú wọn. Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ló kọ́, torí láyé ìgbà náà lọ́dọ̀ wọn, onígbàjámọ̀ ló tún ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ohun tí àwọn àgbà oníṣègùn wọn fi kọ́ni ni pé etù ìbọn ní májèlé nínú, nítorí náà òróró tó ń hó ni kí wọ́n dà sínú ọgbẹ́ ẹni tí ìbọn bà. Ẹ ro ìrora yẹn wò! Lọ́jọ́ kan, àwọn tó fara gbọgbẹ́ pọ̀ jù, òróró tán. Paré ò rí nǹkan ṣe, ló bá po pupa ẹyin mọ́ òróró òdòdó rose àti tọ́pẹ́ńtáìnì, ó fi tọ́jú àwọn tó kù. Kò rí oorun sùn lóru yẹn. Ẹ̀rù ń bà á pé òkú ni òun máa bá láàárọ̀. Àfi bó ṣe jí lọ wò wọ́n ní kùtùkùtù: àwọn tí kò rí òróró gbígbóná sùn dáadáa, ọgbẹ́ wọn ò wú. Àwọn tó dà á sí ni ibà mú, tí ara wọn wú, tí wọ́n ń joró. Ó wá pinnu pé òun ò tún ní jó ọgbẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láé.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi: ohun tí a dà sí ọgbẹ́ lè burú ju ọgbẹ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Ó tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ba ọgbẹ́ jẹ́. Ní oṣù August ọdún 1865, kẹ̀kẹ́ ẹrù gun ọmọ ọdún mọ́kànlá kan lẹ́sẹ̀ ní ìlú Glasgow, nílẹ̀ Scotland. James Greenlees lorúkọ ọmọ náà. Egungun ṣẹ́, ó gún awọ jáde. Láyé ìgbà yẹn, irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, gígé ni wọ́n sábà máa ń gé e, torí kíkẹ̀ ló máa ń kẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà Joseph Lister ti ka iṣẹ́ Louis Pasteur ará Faransé, ó ti mọ̀ pé kòkòrò àìfojúrí ló ń mú nǹkan rà. Ó fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú carbolic acid bo ọgbẹ́ ọmọ náà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ti jiná. Nígbà tó yá, àwọn dókítà rí i pé oògùn kíkan yẹn náà ń jó ẹran ara, wọ́n wá tẹ̀ síwájú: dípò kí wọ́n máa da nǹkan pa kòkòrò nínú ọgbẹ́, wọn ò jẹ́ kí ìdọ̀tí débẹ̀ rárá. Wọ́n ń fọ ọwọ́, wọ́n ń se irin iṣẹ́, wọ́n ń lo aṣọ mímọ́.

Ṣùgbọ́n ṣé dókítà ló máa ń wà lóko? Ìbéèrè tí àwọn kan náà bi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ní 1877, wọ́n dá ẹgbẹ́ St John Ambulance sílẹ̀. Ní 1878, dókítà ọmọ ogun kan, Peter Shepherd, àti ọ̀gágun Francis Duncan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará ìlú ní Woolwich, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Èrò wọn ni pé ẹni tó sún mọ́ ẹni tó fara pa jù ló yẹ kó mọ̀ ọ́n ṣe. Shepherd ò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín ló kú sí, lójú ogun Isandlwana nílẹ̀ àwọn Zulu, ní January 1879. Ìwé tó kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ni lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún òmìnira gan-an, 1960, ni òfin sọ Red Cross Nàìjíríà di ẹgbẹ́ tó dá dúró, iṣẹ́ yẹn kan náà sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ti tẹ́tánọ́ọ̀sì ńkọ́? Ní 1889, Kitasato, ará Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, ya kòkòrò rẹ̀ sọ́tọ̀. Inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò yìí ń gbé. Ó fẹ́ràn ibi tí atẹ́gùn ò dé, bí ọgbẹ́ jíjìn tí a fi àkísà dì pa. Lọ́dún kejì, òun àti Behring ará Jámánì fi hàn pé a lè rí ohun tó ń pa oró rẹ̀. Lónìí, abẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀ wà. Ẹ ò rí i pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi máa kú, ìmọ̀ yẹn ti pẹ́ láyé. Kò kàn dé abà wa ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí pé, "Ewé wa ńkọ́?" Ó dáa. Gbogbo wa la mọ ewé tí a ń rún sójú ọgbẹ́ lóko, tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. Ẹ má jẹ́ ká dá ìjà òṣèlú sílẹ̀ níbí o! Ewé yẹn kì í ṣe ti àtayébáyé. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, kò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó wọ Nàìjíríà. Àwọn tó tẹ ìlú wa dó ò mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbẹ̀ ló dán an wò tí wọ́n rí i pé ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àwọn onímọ̀ náà sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè tán la fi ń rún un, ilẹ̀ inú ọwọ́ yẹn á sì bá omi ewé wọlé. Yàtọ̀ síyẹn, títẹ̀ tí a ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, títẹ̀ ò sì ní kí a já ewé.

Nítorí náà, ẹ gbà á báyìí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà gírígírí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde lápá tàbí lẹ́sẹ̀ tí títẹ̀ ò dá a dúró, ìgbà yẹn nìkan ni kí ẹ fi aṣọ fífẹ̀ so òkè ọgbẹ́ náà le; ẹ wo aago, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí ọgbẹ́ bá kéré tí ẹ̀jẹ̀ ti dá, ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa. Píọ́wọ́tà tí ẹ gbé lọ sóko tó o. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó. Bí igi bá gún èèyàn wọlé jìn, ẹ má fà á yọ. Bó ti wù kí ọgbẹ́ kéré tó, ẹ lọ bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Bó bá jẹ́ ejò ló bu èèyàn ṣán, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má so ó le, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé òkúta dúdú. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà, ẹ má jẹ́ kó rìn, ẹ má jẹ́ kí ibi tó bù ú mì. Ẹ gbé e lọ síbi tí abẹ́rẹ́ oró ejò wà, kódà bó jẹ́ ọ̀kadà, kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn dì í mú.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nípàdé wa tó ń bọ̀ ni àpótí kan fún abà kọ̀ọ̀kan: ọṣẹ, aṣọ mímọ́, ìbọ̀wọ́, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó ní ọkọ̀. Ká sì bẹ àwọn nọ́ọ̀sì wa kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọjọ́ kan péré. Owó rẹ̀ ò tó ti ankara tí a ń dá fún ayẹyẹ.

Paré ò rí oorun sùn lóru kan ṣoṣo, ó sì kọ́gbọ́n. Àwa ti sin bàbá wa. Ẹ jẹ́ ká kọ́ tiwa náà. Àdá ò ní ṣá wa o.