Òkúta Ìrántí Tí Ó Wà ní Rothamsted

Púpọ̀ nínú àwọn òkúta ìrántí tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a gbé kalẹ̀ nítorí ọba àti ọ̀gágun. Ṣùgbọ́n òkúta kan wà ní Rothamsted, lẹ́bàá ìlú Harpenden, níhà àríwá London, tí kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ogun. Ní ọdún 1893 ni a gbé òkúta ńlá náà dúró síbẹ̀, láti fi ṣe ìrántí àádọ́ta ọdún tí a ti fi ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ lórí oko náà láìdáwọ́ dúró. Orúkọ ọkùnrin méjì ni a kọ sí i lára: John Bennet Lawes àti Joseph Henry Gilbert. Ó yẹ kí olùkọ́ àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ ohun tí àwọn méjèèjì ṣe.

A bí Lawes ní ọdún 1814, ó sì jogún ilẹ̀ Rothamsted lọ́wọ́ baba rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, àwọn àgbẹ̀ a máa lọ eegun ẹran, wọn a sì dà á sí oko. Ní ilẹ̀ mìíràn irúgbìn a dára. Ní ilẹ̀ mìíràn ẹ̀wẹ̀, eegun náà kò wúlò rárá. Lawes da ásíìdì pọ̀ mọ́ eegun, ó sì rí i pé oúnjẹ inú rẹ̀ a tètè yọ́ fún gbòǹgbò irúgbìn. Ní ọdún 1842 ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ajílẹ̀ náà, tí a ń pè ní superphosphate, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní London láti máa tà á. Ọrọ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí; nítorí náà ní ọdún 1843 ó pe Gilbert, onímọ̀ kẹ́místírì tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì, kí ó wá bá a ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, títí Lawes fi kú ní ọdún 1900.

Àgbẹ̀ ilẹ̀ wa mọ̀ pé ilẹ̀ a máa ṣá. Bí ó bá ti ṣá, a ó fi í sílẹ̀ kí ó di igbó, a ó sì lọ ṣán ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ibòmíràn ńkọ́? Kí ni irúgbìn ń jẹ nínú ilẹ̀ gan-an, kí ni a sì lè fi dá a padà? Ìbéèrè yìí ni wọ́n gbé lọ sí oko kan tí ń jẹ́ Broadbalk. Nígbà tí ọdún 1843 ń lọ sópin, wọ́n gbin àlìkámà síbẹ̀, wọ́n sì pín oko náà sí abala gbọọrọ gbọọrọ. Abala kan kò rí ajílẹ̀ kankan. Òmíràn ń gba ìgbẹ́ màlúù lọ́dọọdún. Àwọn yòókù ń gba oríṣiríṣi ajílẹ̀ ilé iṣẹ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń wọn ọkà àti pòròpórò abala kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní àkókò náà, Justus von Liebig, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì tí Gilbert ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ń kọ́ni pé irúgbìn a máa rí náítírójìn tí ó tó gbà láti inú afẹ́fẹ́ àti òjò, àti pé ohun tí ó kù nínú eérú rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí àgbẹ̀ dá padà fún ilẹ̀. Àríyànjiyàn náà gba ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n oko ni ó dá ẹjọ́. Abala tí a fún ní gbogbo ohun inú eérú láìsí náítírójìn kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju èyí tí kò rí ajílẹ̀ rárá. Abala tí ó gba ìgbẹ́ màlúù so ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, àwọn tí ó sì gba náítírójìn pẹ̀lú ohun inú eérú lè bá ti ìgbẹ́ dọ́gba.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ǹjẹ́ ẹni tí ń ta ajílẹ̀ lè jẹ́rìí òtítọ́ nípa ajílẹ̀? Ìbéèrè rere ni. Ẹ kíyè sí i pé superphosphate, ọjà Lawes fúnra rẹ̀, wà nínú ohun tí a fi sí abala tí kò ṣe dáadáa nì, òun àti Gilbert sì tẹ iye rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé láti kà. Ní ọdún 1872 ó ta òwò ajílẹ̀ náà ní £300,000. Ní ọdún 1889 ó sì ya £100,000 sọ́tọ̀ kí iṣẹ́ ìwádìí náà má bàa bá a kú.

Kò sì kú. Ní ọdún 1882 wọ́n fi ọgbà yí apá kan oko náà ká, wọ́n sì fi àlìkámà ibẹ̀ sílẹ̀ láìkórè. Láàárín ọdún mẹ́rin, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó rán ni ó kù. Èpò ti borí ìyókù. Ibi tí a kò tún fọwọ́ kàn mọ́ níbẹ̀ ti di igbó igi ńláńlá. Ní ọdún 1919 a pe Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò, láti wá yẹ àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún náà wò, ọgbọ́n tí ó sì ti ibẹ̀ jáde ni àwọn ilé ìwádìí káàkiri ayé ń lò láti mọ ìyàtọ̀ láàárín òtítọ́ àti èèṣì. Ọkà, pòròpórò àti erùpẹ̀ tí a ti ń kó pamọ́ láti ìgbà Lawes lé ní 300,000.

Títí di òní a ṣì ń gbin àlìkámà sí Broadbalk. Abala tí kò rí ajílẹ̀ kò gbẹ pátápátá. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan lórí hẹ́kítà kan ni ó ń mú wá. Ó ń so, ṣùgbọ́n bí aláìní ni ó ń so. Bí kò bá sí abala yìí, ta ni ìbá mọ ohun tí ajílẹ̀ ṣe fún àwọn yòókù?

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ní oko ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ya ebè díẹ̀ sọ́tọ̀ láìfi ajílẹ̀ sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa wọn ìkórè, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Sùúrù ni baba ìwà; òun náà sì ni baba ìmọ̀.