Rógódó, Rògòdò àti Ohun tí Wọ́n Gbọ́ ní Atlanta: Àyẹ̀wò Ìwádìí lórí Ìró àti Ìtumọ̀

Èrò tó bí iṣẹ́ yìí

Èrò kan ti ń gbilẹ̀ láàrin àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Yorùbá. Àwọn tó dì í mú ní ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Emory, ní Atlanta, ti fi hàn gbangba pé ìró Yorùbá ń gbé ìtumọ̀ ara rẹ̀ rìn, débi pé òyìnbó tí kò gbọ́ "ẹ káàárọ̀" rí lè gbọ́ ọ̀rọ̀ wa kó sì mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó kọ̀wé lé e gbẹ̀yìn tilẹ̀ fi kún un pé kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, pé ọ̀ṣọ́ lásán ni ohùn jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́ létí ọmọ Yorùbá, bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi tíì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó to ohun tí àwọn olùwádìí rí lẹ́sẹẹsẹ, a ó sì fi hàn pé ẹ̀rí náà kò tó ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí.

A kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí ọ̀rọ̀ aláfarawé jẹ́. Ẹni tó bá ti sọ rí pé nǹkan ṣubú gbì, pé aṣọ funfun báláú, tàbí pé ilé mọ́ tónítóní, ó mọ ohun tí à ń wí.

Iṣẹ́ tí ó ti wà nílẹ̀

Ìwé Ferdinand de Saussure tó jáde ní 1916 ni púpọ̀ nínú wa fi bẹ̀rẹ̀: ìró ọ̀rọ̀ kò bá ohun tí ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí tan, àdéhùn àwọn tó ń sọ èdè ló so wọ́n pọ̀. Ní 1929, Edward Sapir bi àwọn ènìyàn léèrè èwo ló tóbi jù nínú tábìlì méjì, èyí tí ń jẹ́ "mil" àti èyí tí ń jẹ́ "mal". Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn mú "mal". Lọ́dún kan náà ni Wolfgang Köhler fi àwòrán méjì síwájú àwọn tirẹ̀, ọ̀kan ní igun ṣóńṣó, ìkejì rí róbótó, ó ní kí wọ́n pín "takete" àti "baluma" fún wọn. Ramachandran àti Hubbard tún un ṣe pẹ̀lú "kiki" àti "bouba" ní 2001. Ní 2016, Damián Blasi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àtòjọ ọ̀rọ̀ láti inú nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn èdè ayé, wọ́n sì rí i pé ìró "n" pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí imú, "l" nínú èyí tó túmọ̀ sí ahọ́n, "i" nínú èyí tó túmọ̀ sí kékeré. Kí onínúure tó máa yọ̀, kó rántí pé imú tiwa kò ní "n", ahọ́n wa kò sì ní "l". Ìtẹ̀sí ni wọ́n rí, wọn kò rí òfin.

Ní ti Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju èyí lọ. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tí Bíṣọ́ọ̀bù Vidal kọ sí ìwé Àjàyí Crowther ní 1852, ó ti kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ aláfarawé wa ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ tí ó ń bá rìn, èyí tó bá funfun lọ kì í bá pupa lọ. Ní 1927, Diedrich Westermann, ará Jámánì, kọ̀wé lórí ìró, ohùn àti ìtumọ̀ nínú àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Karen Courtenay wo ọ̀rọ̀ aláfarawé Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀rí tí ìró rẹ̀ dá yàtọ̀, ní 1976. Yíwọlá Awóyalé tẹ̀ lé e pẹ̀lú iṣẹ́ lórí agbo ìtumọ̀ wọn àti lórí àpètúnpè. Ó yà wá lẹ́nu pé àwọn tó ń fọn fèrè Atlanta kì í sábà dárúkọ Awóyalé.

Ó wá kan Atlanta. Ní ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì ní Emory, Lynne Nygaard àti Laura Namy ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bi ìbéèrè kan náà. Ní 2009, àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn, Cook, kọ́ àwọn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan yé ní ọ̀rọ̀ Japan. Nígbà tí wọ́n so ọ̀rọ̀ mọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà yára dáhùn ju ìgbà tí wọ́n so ó mọ́ ìtumọ̀ tí kò kàn án rárá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ọ̀rọ̀ jọ láti inú èdè mẹ́wàá: Albania, Dutch, Gujarati, Indonesia, Korea, Mandarin, Romania, Tamil, Turkey àti Yorùbá. Ìtumọ̀ tí wọ́n lò jẹ́ takọtabo: ńlá àti kékeré, róbótó àti ṣóńṣó, yíyára àti fífalẹ̀, ohun tó ń rìn àti ohun tó dúró. Ní 2014, Revill àti àwọn yòókù fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn tó ń gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Apá òsì ọpọlọ lókè ní ẹ̀yìn ṣiṣẹ́ púpọ̀ sí i nígbà tí ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ bá ìtumọ̀ mu dé etí wọn. Ní 2017, Tzeng, Nygaard àti Namy fi hàn pé àwọn olùgbọ́ fohùn ṣọ̀kan jù nígbà tí wọ́n bá fi takọtabo tó kan ọ̀rọ̀ náà gan-an síwájú wọn.

Iṣẹ́ gidi ni. A kò bá àwọn tó ṣe é jà. Àwọn tó gbé e kọjá ibi tó dé ni a ní ọ̀rọ̀ bá sọ.

Ẹ wo nǹkan mẹ́ta. Èkíní, Yorùbá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Àbájáde tí wọ́n rò papọ̀ lórí èdè mẹ́wàá kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Èkejì, ìtumọ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi síwájú olùgbọ́ kí ó mú nínú rẹ̀. Ẹni tó bá di ojú mú nínú méjì yóò gbà á ní ìdajì. Kí ó gbà á ju ìdajì lọ díẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí ó mọ ọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn olùwádìí fúnra wọn pín ọ̀rọ̀ náà sí èyí tí ìró rẹ̀ ń júwe ìtumọ̀ àti èyí tí kò júwe rẹ̀. Bí ìró bá ń gbé ìtumọ̀ ara rẹ̀ rìn, níbo ni ti ẹgbẹ́ kejì ti wá?

Ìjọra méjì tí kò yẹ kí a dà pọ̀

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà ní ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Ìjọra méjì ló wà nínú òwe yìí. Lọ́nà kan, èèpo ẹ̀pà jọ pósí. Ẹni tó bá ti rí méjèèjì yóò gbà. Lọ́nà kejì, bí pósí ṣe rí sí ènìyàn ni èèpo ẹ̀pà ṣe rí sí ẹ̀lírí. Níhìn-ín, kì í ṣe nǹkan ló jọ nǹkan mọ́, ìbátan ló jọ ìbátan. A ó pe ti àkọ́kọ́ ní ìjọra tààrà, a ó pe ìkejì ní ìjọra ìfiwéra.

"Gbì" jẹ́ ìjọra tààrà: ó jọ ìró ohun tó wúwo tó já lulẹ̀. "Kọ́kọ́kọ́" jọ ìró ìka lára ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kí ni "rógódó" jọ? Ohun tó rí rógódó kì í pariwo. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ni pé a ní "rógódó" fún ohun róbótó tó kéré, a ní "rògòdò" fún èyí tó tóbi. A ní "pẹ́lẹ́bẹ́" fún ohun tó tẹ́ tó sì fẹ́lẹ́, "pẹ̀lẹ̀bẹ̀" fún èyí tó tẹ́ tó sì gbòòrò. Kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà. Ohùn nìkan ló yí padà, ìwọ̀n sì yí tẹ̀ lé e. Ọ̀ṣọ́ wo ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí?

Òótọ́ ni pé ẹ̀dá lọ́wọ́ nínú ọ̀nà tí ohùn gbà lọ. Ní 1984, John Ohala ṣàlàyé pé ẹranko kékeré a máa dún tíńtín, ńlá a sì máa dún kíkẹ̀, pé látibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èdè ti fi ohùn òkè fún kékeré àti ohùn ìsàlẹ̀ fún ńlá. Àmọ́ ìtọ́sọ́nà nìkan ni ẹ̀dá fún wa. Àlejò tó gbọ́ "rógódó" nìkan kò ní ohun tó máa fi wé. Ohùn òkè kún inú èdè wa: owó, ilé, ọkọ́, òbí. "Ńlá" gan-an, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn òkè ni. Bí ohùn òkè bá túmọ̀ sí kékeré fúnra rẹ̀, "ńlá" ì bá ti di "kékeré" láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lójoojúmọ́, ohùn ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Nínú ọ̀rọ̀ aláfarawé, ohùn ń wọn ọ̀rọ̀ kan náà sókè sódò. Ọmọ èdè ló mọ ìgbà tó ń ṣe iṣẹ́ kan àti ìgbà tó ń ṣe èkejì.

Ó tún ku ìpele kan tó jìnnà sí etí àlejò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ka wọ̀nyí sókè: wúruwùru, jágajàga, rádaràda, kátikàti, pálapàla, gbágungbàgun, kọ́lọkọ̀lọ. Òkè, àárín, ìsàlẹ̀, àárín: orin kan náà ni gbogbo wọn ń kọ, gbogbo wọn ló sì ń sọ nípa ohun tí kò tò, tí kò gún, tàbí tí kò ṣe é gbára lé. Kò sí ìró kan pàtó tí wọ́n pín láàrin ara wọn ju orin yìí lọ. Bí ènìyàn bá hùmọ̀ tuntun lónìí, tó gbé e sórí orin náà, a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò tò kí a tó béèrè kí ló ń sọ. Ta ló gbọ́ rúdurùdu nínú òkè-àárín-ìsàlẹ̀-àárín láìgbọ́ Yorùbá? Ètò ni èyí, ìjọra tààrà kò dé ibẹ̀.

Pẹ̀lú ìyàtọ̀ yìí lọ́wọ́, ẹ padà wo ọ̀nà tí wọ́n gbà dán àwọn olùgbọ́ wò ní Emory. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n gbọ́ lẹ́ẹ̀kan; ìtumọ̀ ló wá ní méjìméjì. Wọ́n fún olùgbọ́ ní ìfiwéra níhà ìtumọ̀, wọn kò fún un níhà ìró. Nítorí náà, ìjọra tààrà nìkan ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lè rí, ìwọ̀nba tó sì wà ló rí. Nígbà tí olùgbọ́ bá gbọ́ "ńlá", ó lè jẹ́ pé ẹnu tó la fún "a" ló tẹ̀ lé, bíi ti àwọn tó mú "mal" ní 1929, kí ó sì gbà á láìka ohùn sí. Ó gbà á. Kò gbọ́ Yorùbá.

Iṣẹ́ Mark Dingemanse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2016 ló sún mọ́ ohun tí à ń wí jù. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ aláfarawé 203 láti inú èdè márùn-ún, tí Ewe àti Siwu wà nínú wọn, fún olùgbọ́ 82 tí èdè Dutch ni tiwọn. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya ìgbéròhùn sọ́tọ̀ kúrò lára kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì. Àwọn olùgbọ́ gbà á ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n kò tó ti "bouba" àti "kiki". Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ìgbéròhùn nìkan kò tó, kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì nìkan kò sì tó. Àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní ọ̀ṣọ́ ni ohùn ní láti dá iṣẹ́ yìí lóhùn kó tó tún kọ̀wé.

Ibi tí iṣẹ́ kù sí

Atlanta náà ni a ti lè tẹ̀ síwájú, àmọ́ kì í ṣe nínú yàrá ìdánwò nìkan. Yorùbá pọ̀ ní ìlú náà àti ní àwọn agbègbè bíi DeKalb àti Gwinnett. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wọn, ìyá á sọ Yorùbá, ọmọ á fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlejò, kì í sì í ṣe onílé pátápátá. Ó ti gbọ́ ohùn wa láti inú ọjá, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ lò ó. A ti ń gbèrò láti gba ohùn irú ìyá àti ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí a bi àwọn ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ méjì-méjì lọ́wọ́ kan náà, "rógódó" pẹ̀lú "rògòdò", kí ìfiwéra lè wà níhà ìró pẹ̀lú. A ó tún fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú èdè rárá tí a gbé sórí orin "wúruwùru", a ó bi wọ́n bóyá ohun tó tò ni tàbí èyí tí kò tò.

Bí ìyàtọ̀ tí a ṣe lókè bá dúró, ó yẹ kí àwọn ọmọ yìí di ti ìwọ̀n mú, nítorí ẹ̀dá ń gbè é lẹ́yìn, kí ti orin wúruwùru sì bọ́ lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ nínú wọn, nítorí ètò èdè nìkan ló gbé e dúró, ẹni tí kò bá sì máa sọ èdè kì í pẹ́ sọ ètò nù. Bí méjèèjì bá dúró lẹ́nu wọn, a jẹ́ pé ìró wa lágbára ju bí a ṣe rò lọ, a ó sì gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí à ń bá jiyàn.

Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé ìró kò lọ́wọ́ nínú ìtumọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ ju èyí tí Saussure gbà lọ. Ohun tí ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ jẹ́ kí a lè sọ, pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, ni pé ìró Yorùbá ń tọ́ka, ètò Yorùbá ló ń sọ̀rọ̀, àti pé inú ohùn ni púpọ̀ nínú ètò náà wà. Títí a ó fi rí àbájáde tó sọ òmíràn, kí àwọn tó ń kọ̀wé pé òyìnbó Atlanta ti gbọ́ Yorùbá dá ìwé náà dúró ná.