Bí Pípín Dísìkì Ṣe Di Tàwọn Onílinux

Oṣù kẹta ọdún 1983 ni iléeṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà PC XT jáde, pẹ̀lú dísìkì tó gba mẹ́gábáìtì 10. PC DOS 2.0 tó bá a rìn ní àṣẹ kan nínú, FDISK, tí wọ́n fi ń la ààlà sórí dísìkì náà. Inú báìtì 512 àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ àtẹ ààlà yìí sí, 64 péré ló sì kàn án níbẹ̀. Ìpín kan ń gba 16, torí náà ìpín kò lè ju mẹ́rin lọ. Ta ni ìbá tilẹ̀ fẹ́ gé mẹ́gábáìtì 10 sí márùn-ún? Síbẹ̀, àtẹ onílà mẹ́rin yìí ló darí bí àwa tó ń lo Linux ṣe pín dísìkì fún nǹkan bí ogún ọdún.

Lọ́dún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki, ní ètò ìṣiṣẹ́ Minix lórí ìpín kan, ó sì ń kọ Linux lọ. Lójú Linux, fáìlì ni ohun gbogbo: módẹ́ẹ̀mù àti ìpín dísìkì jọ wà nínú /dev ni. Lọ́jọ́ kan, Torvalds fẹ́ kí módẹ́ẹ̀mù pe kọ̀ǹpútà yunifásítì, ṣùgbọ́n dípò /dev/tty1, /dev/hda1 ló tẹ̀. Àṣẹ tó yẹ kó bá tẹlifóònù lọ bá dísìkì, ó sì ba iwájú ìpín Minix jẹ́. Torvalds kò wulẹ̀ tún fi Minix síbẹ̀ mọ́. Ó kó lọ sórí Linux pátápátá.

Nígbà tí mẹ́rin kò tó mọ́, DOS 3.3 (1987) ti wá ọgbọ́n sí i: kí ọ̀kan nínú mẹ́rin di àpò tí ìpín mìíràn yóò máa wà nínú rẹ̀. Linux fi nọ́ńbà 1 sí 4 sílẹ̀ fáwọn àgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ àwọn tinú àpò láti 5. Ìdí rèé tí ẹlòmíì fi ń rí sda1, sda2 àti sda5 tó wá ń bẹ̀rù pé ohun kan ti sọnù.

Ètò fáìlì Minix tí Linux kọ́kọ́ lò kò gbà ju mẹ́gábáìtì 64 lọ, àfi kí olówó dísìkì ńlá gé e wẹ́wẹ́. Rémy Card, ará Faransé, gbé ext wá ní 1992, ext2 sì tẹ̀ lé e ní 1993. LILO tó ń jí Linux nígbà náà gbójú lé BIOS, BIOS àtijọ́ kò sì lè kàwé kọjá sílíńdà 1024. Bí kernel bá bọ́ sẹ́yìn ibẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní dìde. Ohun tó bí /boot kékeré níwájú dísìkì nìyẹn, táwọn kan ṣì ń gé dòní láìbéèrè ìdí.

Ìyọnu tó ga jù ni pé ìpín tí a ti là ṣòro láti nà. Ó dà bí ilẹ̀ ìdílé tí bàbá pín kó tó mọ iye ọmọ tí yóò bí: /home kún àkúnya, /var ṣófo. Ní 1998, Heinz Mauelshagen, ará Jámánì, gbé LVM wọ Linux. Pẹ̀lú rẹ̀, dísìkì di àkójọ tí a ń bu ààyè nínú rẹ̀. Bó bá kún, a ra òmíràn: pvcreate á sàmì sí i, vgextend á dà á pọ̀ mọ́ àkójọ, lvextend á na ibi tó há, resize2fs á sì jẹ́ kí ext4 mọ̀ pé àyè ti fẹ̀. Lójú tèmi, èyí ló dáa jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Dísìkì ńlá ló wá lé àtẹ 1983 kúrò, torí kò lè ka ohun tó kọjá térábáìtì 2. GPT, àtẹ tuntun tó bá EFI iléeṣẹ́ Intel dé, ní àyè fún ìpín 128, ó sì ń fi ẹ̀dà àtẹ pamọ́ sí ìparí dísìkì.

Nǹkan bí 2006 sí 2007, ọ̀pọ̀ dísìkì tó ń jẹ́ hda bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ sda. Orúkọ àtijọ́ nínú /etc/fstab, fáìlì tí Linux ti ń ka àwọn ìpín tí yóò lò, kò bá nǹkan kan mu mọ́, èyí sì mú kí UUID, àmì ìdánimọ̀ ìpín kọ̀ọ̀kan, gbilẹ̀. Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi ìpín tuntun kún tiyín, ẹ fi lsblk wo dísìkì dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kan fdisk tàbí mkfs, ẹ fi blkid wá UUID rẹ̀, òun ni kí ẹ kọ sínú fstab. Kí ẹ sì tẹ mount -a kí ẹ tó pa ẹ̀rọ, torí ìlà kan tó ní àṣìṣe níbẹ̀ lè mú kí kọ̀ǹpútà kọ̀ láti dìde.