Kérekère orúnkún tó bàjẹ́: iṣẹ́ abẹ wo ló wà fún un?

Bí awọ ara bá bó, á san. Bí eegun bá kán, wọ́n á tò ó, á sì so padà. Ti kérekère yàtọ̀. Òun ni nǹkan funfun tó ń dán, tó bo orí eegun nínú orúnkún kí eegun má baà máa ha eegun; ẹni tó bá ń rún orí itan adìyẹ jẹ ti mọ̀ ọ́n. Kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í lè tún ara rẹ̀ ṣe bó bá ti hó.

Ẹ́síréè kì í fi kérekère hàn. MRI ló ń fi í hàn, tàbí kámẹ́rà tín-ínrín tí wọ́n ń tì bọ inú orúnkún. Bí ibi tó hó bá ṣe fẹ̀ tó ló ń sọ irú iṣẹ́ abẹ tí dókítà máa ṣe.

Fún ihò kékeré, Dókítà Richard Steadman ní Amẹ́ríkà ló gbé ọ̀nà kan jáde ní nǹkan bíi 1980 sókè. Wọ́n á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ojú wẹ́wẹ́ sára eegun abẹ́ ibẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ àti mùdùnmúdùn lè sun jáde, kó dì, kó sì dí ihò náà. Owó rẹ̀ kò pọ̀ tó tàwọn yòókù. Àmọ́ ohun tó máa hù níbẹ̀ dà bí àpá ni, kì í ṣe ojúlówó kérekère, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Àwọn dókítà mìíràn máa ń gé kérekère pẹ̀lú eegun díẹ̀ níbi tí ara kì í ti tẹ orúnkún, wọ́n á fi dí ibi tó hó, bí aránṣọ ṣe ń gé etí aṣọ lẹ ibi tó ya.

Ti Sweden ló gba sùúrù jù. Ní 1987, ní ìlú Gothenburg, Dókítà Lars Peterson àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú kérekère bíńtín lára aláìsàn, wọ́n jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pọ̀ sí i ní yàrá ìwádìí, wọ́n sì dá a padà sínú orúnkún rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ní 1994, wọ́n gbé àbọ̀ aláìsàn 23 jáde.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gba ìtọ́jú NHS ní England ní láti mọ èyí: nígbà tí àjọ NICE fọwọ́ sí ọ̀nà ti Sweden ní 2017, ẹni tí ihò rẹ̀ ju 2 cm² lọ (bí èékánná àtàǹpàkò), tí aromọléegun kò tíì ba orúnkún rẹ̀ jẹ́ púpọ̀, tí wọn kò sì tíì ṣe iṣẹ́ abẹ àtúnṣe kérekère fún rí, ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá sáré gba èyí tó rọrùn lè ti ilẹ̀kùn èkejì mọ́ ara rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi dókítà nìyẹn.

Àwọn àgbàlagbà tí gbogbo kérekère orúnkún wọn ti jẹ tán kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Pípààrọ̀ orúnkún pẹ̀lú irin àti ike ni tiwọn, bí oògùn àti eré ìmárale kò bá ràn án mọ́.

Lẹ́yìn àwọn iṣẹ́ abẹ yìí, èèyàn sábà máa ń lo ọ̀pá ìtilẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láìtẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ dáadáa, bọ́ọ̀lù gbígbá sì lè di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tàbí tó jẹ́ pé orí ìdúró ló ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ní láti sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó dá ọjọ́.