Ariwo Orí Ọ̀sà: Ìjà Ọlọ́kọ̀ àti Onílẹ̀ Etí Omi ní Ìjẹ̀bú, 1851 sí 1892

Ahọ́n àti eyín a máa jà, bẹ́ẹ̀ ẹnu kan náà ni wọ́n ń gbé. Bí ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́lé sí etí omi àti ẹni tó fi omi ṣe ọ̀nà ti rí nìyẹn, níbikíbi lágbàáyé. Ní London, àwọn ará Islington tí ilé wọn wà lẹ́bàá omi Regent's Canal ti bá àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ fa ọ̀rọ̀ fún ọdún púpọ̀, nítorí ariwo ẹ́ńjìnnì àti èéfín. Òfin àwọn alábòójútó omi náà sọ pé kí ẹni tó bá so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítòsí ilé má ṣe tan ẹ́ńjìnnì láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kò tán. Onílé ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí a sùn." Ọlọ́kọ̀ ń sọ pé, "Ta ló fi omi jẹ yín lóyè?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òun ló wà nídìí aáwọ̀ tó gùn jù lọ ní etí ọ̀sà Ìjẹ̀bú. Ariwo tirẹ̀ ju ti ẹ́ńjìnnì lọ, nítorí ariwo àgbá ni. Ní àpilẹ̀kọ yìí, a ó tọ ipasẹ̀ aáwọ̀ náà láti ọdún 1851 dé ọdún 1892, kí ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i pé ogun Ìmàgbọ̀n tí ìwé ìtàn ń sọ kò ṣàdédé wáyé.

Àwọn tó ni ẹnu ọ̀nà

Ìjẹ̀bú-Òde fúnra rẹ̀ kò sí létí omi, ṣùgbọ́n omi ni ọrọ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹ̀pẹ́, Èjìnrìn àti Ìkòròdú ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí ọ̀sà. Epo pupa, ẹ̀kùrọ́, oúnjẹ àti aṣọ tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú hun ń ti ibẹ̀ lọ sí Èkó. Iyọ̀, ọtí, ìbọn àti ẹ̀tù ń ti Èkó bọ̀. Ọjà Èjìnrìn ni ìpàdé ńlá, níbi tí ọkọ̀ àwọn ará Èkó ti ń gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí ni àjèjì gbọdọ̀ dúró sí. Kò gbọdọ̀ gba inú ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sí Ìbàdàn tàbí sí òkè ọ̀hún. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni yóò ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì gbé e lọ tà fún àwọn ará òkè. Oníbodè wà lójú ọ̀nà tó ń gba owó, Awùjalẹ̀, Òṣùgbó àti Pàmpá sì wà nílé tó ń mójú tó o. Lójú àwọn Ìjẹ̀bú, èyí kì í ṣe ìwà ìmọtara-ẹni-nìkan. Ẹni tó ni ilẹ̀kùn ló mọ ìgbà tó yẹ kó ṣí i. Lójú àwọn oníṣòwò Èkó, ọ̀nà ni omi, ọ̀nà kì í sì í ṣe ti ẹnì kan. Èrò méjì wọ̀nyí ni yóò pàdé lójú ogun.

Ogun tí etí sọ lórúkọ

Ní 25 Oṣù Kọkànlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, kí wọ́n lè dá Akíntóyè padà. Wọn kò rí i ṣe. Ní 26 Oṣù Kejìlá wọ́n tún padà wá, ọkọ̀ Bloodhound àti Teaser wà lára wọn. Ọjọ́ mélòó kan ni àgbá fi dún, iná sì sọ ní ìlú. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, Kòsọ́kọ́ ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì ti sá lọ.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ lítíréṣọ̀, ẹ wo orúkọ tí àwọn ará Èkó fún ogun yìí. Àwọn kan pè é ní Ogun Àgídìngbì, àwọn mìíràn pè é ní Ogun Ahóyaya. Kò sí orúkọ ọba nínú méjèèjì, kò sì sí orúkọ ibi tí wọ́n ti jà. Ìró ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Àgídìngbì ni ohùn àgbá bó ṣe bọ́ sí etí ẹni tó wà nínú ilé. Ahóyaya ni omi tó ń hó lórí iná. Ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ ń gbé ìtumọ̀ rẹ̀ wá ni wọ́n, irú èyí tí èdè wa kún fún. Ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka iye ọkọ̀ àti iye àgbá. Orúkọ tí onílé etí omi fún ogun náà sọ ohun tó gbọ́. Ẹ̀rí ìtàn ni méjèèjì, kò sì yẹ kí a gbà ọ̀kan kí a sọ èkejì nù.

Àlejò tó wọkọ̀ dé

Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí. Awùjalẹ̀ gbà á ní àlejò, Ẹ̀pẹ́ sì di ilé rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Kì í ṣe òun nìkan ló wá. Àwọn ìjòyè rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, Ọ̀ṣọ́dì Tápà ni olórí ogun wọn, àwọn Mùsùlùmí sì pọ̀ láàárín wọn. Báyìí ni ìlú kan ṣe di ìhà méjì: Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ tó ni ilẹ̀, àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ tó wọkọ̀ dé.

Àlejò náà mú èrè wá. Ó sọ Palma àti Lẹ́kí di èbúté òwò, epo sì ń gba ibẹ̀ lọ sí òkun láìgba Èkó kọjá. Ṣùgbọ́n àlejò tó mú èrè wá mú ìjà wá pẹ̀lú. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1853, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ wa ọkọ̀ lọ kọlu Èkó. Wọn kò ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni Ẹ̀pẹ́ ti di ibi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fojú sùn. Ní 28 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ àti Benjamin Campbell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní da òwò Èkó rú mọ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ sórí èbúté rẹ̀.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 6 Oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 1862 wọ́n jẹ́ kí Kòsọ́kọ́ padà sílé. Ọ̀ṣọ́dì Tápà àti àwọn tó bá a padà tẹ àdúgbò kan dó ní Èkó, wọ́n sì ń pè é ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Àwọn tó jẹ́ "ará Èkó" ní Ẹ̀pẹ́ wá di "ará Ẹ̀pẹ́" ní Èkó! Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yìí di ẹjọ́ tó dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní London ní 1930, lórí ẹni tó yẹ kó gba owó nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ náà.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà. Pòsú, ìjòyè Kòsọ́kọ́ kan, dúró sí Ẹ̀pẹ́, kò sì fẹ́ wà lábẹ́ ìjọba Èkó. Ní 1863, àwọn ọmọ ogun ìjọba Èkó gba ojú omi wá kọlu Ẹ̀pẹ́, iná sì tún sọ. Àlejò tí ìjà náà jẹ́ tirẹ̀ ti wà nílé rẹ̀ ní Èkó nígbà yẹn. Ẹni tó gbà á sílé ni àgbá dún mọ́.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n fipá ṣí

Ọgbọ̀n ọdún tó tẹ̀ lé e kò mú àríyànjiyàn ilẹ̀kùn kúrò. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 1891, Denton, adelé gómìnà Èkó, wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà. Awùjalẹ̀ Túnwàṣe kò gba ẹ̀bùn rẹ̀, kò sì ṣí ọ̀nà. Èkó pe èyí ní àbùkù. Ní Oṣù Kìíní ọdún 1892, àwọn ìránṣẹ́ Awùjalẹ̀ lọ bá Gómìnà Carter ní Èkó. Wọ́n fẹnu kò pé ọ̀nà yóò ṣí, kí ìjọba sì máa san £500 lọ́dún dípò owó ibodè. Láìpẹ́, wọ́n dá òyìnbó oníwàásù kan padà lójú ọ̀nà, Carter sì ní àdéhùn ti bàjẹ́.

Ní Oṣù Karùn-ún, ọkọ̀ kó àwọn ọmọ ogun láti Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́ lábẹ́ Ọ̀gágun Francis Scott. Ẹnu ọ̀nà tí Ìjẹ̀bú ti ń ṣọ́ fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n gbà wọlé. Wọ́n jà ní Ìmàgbọ̀n, níbi odò Yemọjí. Àwọn Ìjẹ̀bú pọ̀ jù wọ́n lọ ní iye, wọ́n sì ní ìbọn, ṣùgbọ́n kò sí Maxim lọ́wọ́ wọn. Ní 20 Oṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ohun tó kù fún wa

Ṣé Ìjẹ̀bú jẹ̀bi ni? Àwọn kan ń sọ pé bí wọ́n bá ti tètè ṣí ọ̀nà, ogun kì bá tí wáyé. Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ nínú, nítorí ìlẹ̀kùn tí a tì pa bí àwọn ará Ìbàdàn náà nínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣàkíyèsí pé ẹni tó ń kígbe pé omi jẹ́ ti gbogbo ayé ni ẹni tó gba Èkó lọ́dún 1861. Kò fẹ́ kí omi di ti gbogbo ènìyàn. Ó fẹ́ kó di tirẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ ìtàn yìí kò gbọdọ̀ gbàgbé apá kankan nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì wà ní Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo àgbá tó dún, onílé àti àlejò kò lé ara wọn lọ. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ẹ̀pẹ́ bọ́ sí inú rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde sì bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1976. Síbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ní Olója rẹ̀, Èkó-Ẹ̀pẹ́ sì ní Olú rẹ̀. Àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ ń ṣe Káyókáyọ̀ láti fi rántí ọjọ́ tí Kòsọ́kọ́ gúnlẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ń ṣe Okosi, wọ́n sì ń wa ọkọ̀ dárà lórí ọ̀sà. Ìlù ìhà kan ń dún sí etí ìhà kejì. Ẹni tó bá gbọ́ ìlù aládùúgbò rẹ̀ tí kò sì pè é ní ogun ti mọ ohun kan tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò mọ̀.

Lónìí, Nàìjíríà ní ìlànà lórí ariwo, èyí tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2009. Ó dára kí òfin wà. Ṣùgbọ́n òfin lè wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó. Kò lè wọn ẹ̀tọ́ ẹni tó ń pa á àti ẹ̀tọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ìyẹn di ọwọ́ àwọn tó jọ ń gbé etí omi kan.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ìbéèrè yìí ṣe àríyànjiyàn nínú kíláàsì: bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni Awùjalẹ̀ ní Oṣù Kìíní ọdún 1892, ṣé ẹ ó ṣí ilẹ̀kùn? Ẹ má ṣe dáhùn kíá. Àgbà tó bá dájọ́ lẹ́nu ẹnì kan, àgbà òṣìkà ni.