Àgbàdo Ni Ìyá: Ìgbé Ayé Àwọn Pawnee Kí Ilẹ̀ Wọn Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Wọn

Àgbàdo tí ó di ògì, ẹ̀kọ àti ààdùn nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Láti Amẹ́ríkà ni ó ti la òkun kọjá wá. Lọ́hùn-ún, kí òyìnbó tó débẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ni ó gbé ayé wọn ka orí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni àwọn Pawnee, tí wọ́n tẹ̀dó sí etí odò Platte, Loup àti Republican, ní ibi tí à ń pè ní Nebraska àti àríwá Kansas lónìí. Ìdílé ńlá mẹ́rin ni wọ́n: Chaui, Kitkehahki, Pitahawirata àti Skidi. Ìyá ni wọ́n ń pe àgbàdo.

Ohun tí fíìmù Amẹ́ríkà fi sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ọkùnrin orí ẹṣin tí kò nílé, tí kò lóko. Àwọn Pawnee kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ń kọ́lé. Igi ńlá ni òpó ilé wọn. Wọn a to ẹ̀ka igi àti koríko lé e, wọn a sì fi ilẹ̀ bo gbogbo rẹ̀ títí yóò fi rí roboto bí òkìtì. Ẹnu ọ̀nà kọjú sí ìlà-oòrùn. Ààrò wà láàárín, ihò èéfín wà lókè rẹ̀. Ní ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà, ní ìwọ̀-oòrùn, ni ojúbọ àti agbárí ẹfọ̀n wà. Ènìyàn 30 sí 50 lè máa gbé inú ilé kan.

Obìnrin ni ó ni ilé, òun náà ni ó ni oko. Bí ọkùnrin bá gbéyàwó, ilé ìyàwó ni ó ń lọ gbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń jẹun lóòjọ́: bí àwọn obìnrin apá àríwá ilé bá se ọ̀kan, ti apá gúúsù a se èkejì, gbogbo ilé a sì jọ jẹ ẹ́. Ibùsùn pàápàá ní ètò. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin wà nítòsí ojúbọ, àwọn tí iṣẹ́ ilé wà lọ́rùn wọn wà láàárín, àwọn ìyá àgbà sì wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, nítorí pé àwọn ni ó ń múra àtilọ sílé. Àwọn ìyá àgbà yìí kan náà ni ó ń tọ́ ọmọ nígbà tí ìyá ọmọ bá wà lóko.

Bí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn obìnrin a gbé ọkọ́ tí wọ́n fi eegun èjìká ẹfọ̀n ṣe, wọn a gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé. Nǹkan bí oríṣìí àgbàdo 10 ni wọ́n ní, wọ́n sì ń gbìn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí irúgbìn má baà dàpọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ro oko lẹ́ẹ̀mejì, ní ìparí oṣù kẹfà, gbogbo ìlú a kó àgọ́, wọn a lọ dọdẹ ẹfọ̀n ní pápá ìwọ̀-oòrùn. Kí ẹṣin àwọn ará Sípéènì tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ajá ni ó ń fa ẹrù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lójú ọdẹ: ẹnikẹ́ni tí ó bá dá lé ẹran kí àwọn yòókù tó ṣe tán, wọn a lù ú, nítorí ìwàǹwára ẹnìkan lè fi ebi pa gbogbo ìlú.

Ní oṣù kẹsàn-án, wọn a padà wá kórè. Wọn a sun àgbàdo, wọn a yọ ọ́ lára ṣùkù, wọn a sá a. Wọn a gé elégédé ní tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a sá a, wọn a sì hun ún bí ẹní. Àká jíjìn tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, wọn a tún gba ọ̀nà ọdẹ lọ.

Tirawa ni wọ́n ń pe Ọlọ́run. Ìgbàgbọ́ àwọn Skidi ni pé Ìràwọ̀ Òwúrọ̀, tí í ṣe ọkùnrin, àti Ìràwọ̀ Alẹ́, tí í ṣe obìnrin, ni ó bí ọmọbìnrin àkọ́kọ́ láyé. Àwọn àwòrò a máa ṣọ́ ìràwọ̀ kí wọ́n tó kéde ètùtù, odidi àgbàdo sì wà nínú ẹrù mímọ́ tí wọ́n ń tọ́jú.

Ayé yìí kò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ní 1831, ìgbóná pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ. Ní 1849, àrùn onígbáméjì tún dé. Àdéhùn 1857 gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ 1873, àwọn jagunjagun Lakota ká wọn mọ́ ojú ọdẹ, wọ́n sì pa ènìyàn tí ó lé ní 60, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Láàárín 1874 sí 1876, wọ́n kó lọ sí ibi tí ó di Oklahoma. Nígbà tí yóò fi di 1900, ẹ̀yà tí iye wọn ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò pé 700 mọ́.

Àwọn obìnrin kó irúgbìn dání lọ. Ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ibẹ̀ kò bá ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n àwọn ìdílé kan kò dà á nù. Ìran dé ìran ni wọ́n fi pa á mọ́, kódà nígbà tí ó ṣẹ́ku díẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2003, àwọn olùtọ́jú irúgbìn Pawnee bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ Nebraska, lára àwọn tí ń gbé orí ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wọn. Ó hù níbẹ̀, ó sì so. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Àwọn Pawnee ṣì wà ní Oklahoma, àgbàdo tí àwọn ìyá wọn gbé rìn sì ti tún ń hù nínú ilẹ̀ tí ó ti mọ̀ wọ́n rí.